Ilé Ẹlẹ́nu-Ọ̀nà Méjì

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mábẹ̀mí kì í bínú lónìí kó tán lọ́la. Ńṣe ló ń tọ́jú ìbínú bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Kíláàsì kẹrin ló ti fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mọ ẹni tó lé e: ọmọ tó jẹ́ mọ́nítọ̀ wọn, tó ń kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó lójoojúmọ́ pé ó pariwo, bó pariwo bí kò pariwo. Ó ti di ọdún méjìlélógójì báyìí. Mábẹ̀mí ń kan pósí, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Mọ́nítọ̀ ní tirẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹran tí wọ́n ń sìn nínú ilé: ológbò, ẹyẹ, àti ẹran kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ṣinṣílà, tó fara jọ eku, tó fara jọ ehoro, tí irun rẹ̀ nípọn bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.

Àfi bí ọmọbìnrin Mábẹ̀mí, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ṣe lọ ra ṣinṣílà méjì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an!

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé òun ni."

"O ò mọ̀ ọ́n? Èmi tí mò ń dárúkọ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bí ẹ?"

Abo ni méjèèjì. Ìyálé ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi, nítorí ìwà rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni èkejì. Ìyálé a máa lé Jẹ́jẹ́ kiri inú àgò, a máa fa irun rẹ̀ tu, kì í sì í jẹ́ kó fẹnu kan koríko gbígbẹ tí wọ́n ń jẹ. Ilé ike tí Mọ́nítọ̀ tà mọ́ wọn, kí wọ́n lè máa rí ibi sá pamọ́ sí, wọ́n ti rún un dé ìdajì. Nígbà tí dókítà ẹranko dé ní Mọ́ńdè, ó yọ ike náà sọnù.

"Ike á dí ìfun wọn," ó ní. "Èyí kékeré yìí, ìbẹ̀rù ló ń pa á lọ. Ẹ wá ilé tó dára fún un, kó ríbi sá sí, kó sinmi, kó jẹun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ èkejì kí Sátidé tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó sin ín."

Ọ̀rọ̀ dé etí Mọ́nítọ̀. Ó pe ọmọ Mábẹ̀mí lórí fóònù. "Mo ń bọ̀ ní Sátidé wá gbé e. Sọ fún bàbá ẹ kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú. Pósí ló mọ̀ ọ́n kàn, kò mọ ilé kíkọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Mábẹ̀mí lára ju ìṣó lọ. Kí Mọ́nítọ̀ wọ ilé òun, kó gbé ohun tí ọmọ òun fẹ́ràn, kó sì gbé e jáde lójú òun? "Ojú àlá ni yóò ti rí i," ló wí, ó fa ayùn yọ.

Ní Túsìdeè, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ pálọ̀. Ó ń dán gbinrin. Pọ́líìṣì pupa, aṣọ àrán nínú, ìdérí tó ga láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá, ọwọ́ ide mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ̀ wò ó, ó tún un wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹni wa ò tíì kú o!"

"Ta ló sọ pé ó kú?"

"Pósí lèyí! Ó kù ká kọ ọjọ́ ìbí sí i lára."

Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà. Kíá ni èsì dé. Pọ́líìṣì àti gọ́ọ̀mù, májèlé ni. Aṣọ á dì wọ́n níkùn, ìṣó á gún wọn lẹ́nu. Ohun gbogbo tí wọ́n bá bá pàdé, eyín ni wọ́n fi ń kí i. Pákó gbígbẹ lásán ni kó lò, èyí tí kò ní òórùn, tí ẹnikẹ́ni kò kùn ní nǹkan kan.

Mábẹ̀mí fi dókítà kún àwọn ọ̀tá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà sídìí iṣẹ́. Ó gbẹ́ eyín sí etí pákó kan, ó gbẹ́ ihò sí èkejì, ó fi èèkàn igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé dè wọ́n pọ̀. Ó fi sáńpépà ha gbogbo etí rẹ̀ títí kò fi sí ẹ̀gún kan níbẹ̀ mọ́. Kò kan ìṣó kankan. Ó wọn Jẹ́jẹ́ láti imú dé ìdí, bó ṣe máa ń wọn òkú, ó sì gé ẹnu ọ̀nà kan síwájú, tó bá a mu rẹ́gí. Ìdérí nìkan ni kò lè yí padà. Ó ṣì ga láàárín. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ní Wẹ́sìdeè, wọ́n gbé e sínú àgò. Jẹ́jẹ́ wọlé wéré. Mábẹ̀mí ti ń gbé ẹsẹ̀ ijó nígbà tí Ìyálé dé, ó ki orí bọ ẹnu ọ̀nà, ó dí i pa. Igbe ta nínú ilé. Kí ọmọ tó rí àgò ṣí, etí Jẹ́jẹ́ ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa lọ." Omi ti lé sójú ọmọ náà. "Kí n má pa á torí pé mo fẹ́ràn ẹ̀."

"Kò lọ síbì kankan."

"Ṣé torí Jẹ́jẹ́ ni, àbí torí Mọ́nítọ̀?"

"Torí àwọn méjèèjì. Kí ló burú níbẹ̀?"

Ní Tọ́sìdeè, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé àpótí síwájú àgò, ó jókòó lé e títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Ìyálé kò tilẹ̀ fẹ́ ilé náà. Òkè ilé ló ń fẹ́. Á fò sórí ìdérí, á yọ̀ ṣubú, inú á bí i, ìgbà náà ni yóò wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà láti fi ìkanra mọ́ Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tó bá wọlé, ògiri ẹ̀yìn ló ń fọwọ́ ha, fírí fírí, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Mábẹ̀mí fọwọ́ gbá itan. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kan ilé fún ẹni tí kò ní í jáde mọ́! Ẹni tó bá wà láàyè, ibi tí yóò gbà jáde ló kọ́kọ́ ń wá."

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ó tú ilé náà palẹ̀. Ó fi pákó mìíràn dí ti iwájú, ó gé ẹnu ọ̀nà kan sápá òsì, ọ̀kan sápá ọ̀tún, tí Ìyálé pàápàá lè gbà kọjá láìfún. Ó mú ìfági, ó sì fá ìdérí náà títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Ó dùn ún díẹ̀ bí ó ti ń fá a. Ó fá a náà ni.

Mọ́nítọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó gbé àgò kékeré kan dání.

"Ẹ kú ilé o. Aláìsàn wa dà?"

"Jókòó," Mábẹ̀mí wí.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò tíì fi ìbínú yẹn sílẹ̀ síbẹ̀?"

"Kí n fi sílẹ̀ ṣe kí ni? Ṣé orí ẹ ni mo gbé e rù?"

Ọmọ náà gbé ilé náà padà sínú àgò ńlá, ó sì tú Jẹ́jẹ́, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti àná, síbẹ̀. Ìyálé rí i, ó gbá tẹ̀ lé e. Jẹ́jẹ́ bọ́ sínú ilé. Ìyálé bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ bojú. Fìrì! Jẹ́jẹ́ ti gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, ó ti yí po, ó ti tún gba ti àkọ́kọ́ wọlé, Ìyálé ṣì ń wá a kiri lóde. Wọ́n yí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rẹ Ìyálé. Ó wo òkè, ó fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ sórí òrùlé, kò sì yọ̀. Ó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó bí ọlọ́jà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

Lábẹ́ ìjókòó ọlọ́jà, ìró kan bẹ̀rẹ̀: ràkà-ràkà-ràkà. Jẹ́jẹ́ ń jẹ koríko.

"Ó ń jẹun!" Ọmọ náà dì mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. "Bàbá, ó ń jẹun!"

Mọ́nítọ̀ kúnlẹ̀, ó wo ilé náà yíká, ó ń fi ìka wá ìṣó, kò rí ọ̀kan. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ni."

"Kan mẹ́wàá fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Mi ò ní í kan ẹyọ kan fún ẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ra ẹran lọ́wọ́ ẹ, ní kó máa bọ̀ níbí. Ẹran ò ṣẹ̀ mí."

Mọ́nítọ̀ gbé àgò òfìfo rẹ̀, ó jáde. Mábẹ̀mí sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀ títí Mọ́nítọ̀ fi yà ní kọ́nà. Lẹ́yìn náà ló fẹ ojúlé sílẹ̀ gbayawu, ó ń pe gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì, ẹni tó ń bá a yodì àti ẹni tí kò bá a yodì:

"Ẹ yà wá wò ó! Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sì má pariwo. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́."