Omi Àánú Nínú Kọnkéré

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní ìwúwo tirẹ̀, ẹ bá mi fọwọ́ kún un.

Orin ọ̀wẹ̀ ti ròkè ní àgbàlá Sentaniz, lórí òkè Kavayon, nígbà tí Ivroz gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró. Korobá ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, láti ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré títí dé orí ògiri. Ibẹ̀ ni Altidò bíríkìlà ti ń dà á sí ìgbànú tí yóò di ògiri mọ́ra yípo. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì tó sì wó ilé pa ọkọ Sentaniz, abẹ́ tapólì ni opó náà ń sùn. Àkókò ìjì sì ti ń kanlẹ̀kùn.

Ivroz kì í ṣe òṣìṣẹ́ Altidò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn tó ń fúnni ní sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa lọ láti ilé dé ilé, kí ó wo ohun tí wọ́n ń kọ́, kí ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí kò bá fọwọ́ sí ìgbànú yìí, páànù òrùlé kò ní dé. Ó bu kọnkéré sínú korobá irin rẹ̀ tí kò nídìí, ó gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì rọra fa korobá náà sókè kúrò lára rẹ̀. Èyí tó dára a máa dúró bí òkìtì èèrà. Èyí tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ bí ògì.

"Ọ̀gá, omi ti pọ̀ jù," ni ó wí.

Altidò kò wojú rẹ̀. Ó ní ilé tí òun ti kọ́ ní Kavayon ju eyín ẹnu Ivroz lọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Klodèt, ìyá àgbà kan tó dúró nídìí àkàbà, ní bí ó bá jẹ́ ọbẹ̀ ni, òun ìbá ti béèrè ṣíbí.

Ó ṣe Ivroz bíi kí ó bi ọ̀gá pé mélòó ló ṣẹ́kù nínú àwọn ilé náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi na àgbà ní gbangba, kì í bá a délé kó sùn. Ó kàn bi í pé kí ló dé tí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí fi bu omi tó báyẹn.

Altidò sọ̀kalẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Wo àwọn tó ń pò ó, ọmọ mi. Ìyá arúgbó ni gbogbo wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Bí kọnkéré bá ki, ṣọ́bìrì ò ní yí lọ́wọ́ wọn. Ṣé kí n pa wọ́n ni?"

Ivroz tún wo kọnkéré tó tẹ́ sílẹ̀ náà. Àánú ni ọkùnrin yìí dà sí i, ṣùgbọ́n irin àti òkúta kò mọ àánú.

Sentaniz fi igbá ọbẹ̀ sílẹ̀ nídìí ààrò, ó wá dúró níwájú Ivroz. "Bó bá jẹ́ pé ìyá tìrẹ ni yóò sùn lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"N ò ní jẹ́ kó wọlé, Ìyá."

Opó náà mi orí pé òun gbọ́. Ó mú korobá òfìfo, ó gun àkàbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu kọnkéré tútù náà jáde kúrò nínú ìgbànú. Kò sẹ́ni tó kọrin. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n máa dà á sí ilẹ̀ ilé ìdáná òun, kí ìkòkò òun lè di onílé ṣáájú òun. Ẹ̀rín sọ lójijì, ọwọ́ mìíràn sì gun òkè tẹ̀lé e.

Klodèt nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó gba ọ̀nà ibi tí àwọn ọkùnrin tó kù ní àdúgbò ti ń wo ìjà àkùkọ lọ. Ohun tó bá wọn sọ níbẹ̀ kò ṣe é tún sọ níwájú ọmọdé. Èyí tó ṣe é sọ ni pé ó bi wọ́n bóyá àwọn àkùkọ náà ni yóò wá bá opó kọ́lé. Wọ́n tẹ̀lé e wá, wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n èjìká wọn le.

Sìmẹ́ńtì ló wá di ìṣòro. Èyí tó ṣẹ́kù kò ní ká ògiri mọ́. Ivroz wo ojú ọ̀run, kò lè wo ojú Sentaniz. Altidò ka àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n lọ gbé ti òun, èyí tí òun tọ́jú fún ilé ara òun.

"Ìwọ ńkọ́, Ọ̀gá?" ni Sentaniz wí.

"Tapólì tèmi kò tíì jò."

Wọ́n tún un pò, díẹ̀díẹ̀, ó ki, àwọn ọkùnrin ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí Altidò tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé korobá, ó pe Ivroz pé kí ó wá wò ó. Ivroz gún un mọ́ inú korobá irin náà, ó fa korobá sókè. Òkìtì náà dúró.

Altidò wo Ivroz títí. "Nígbà tó bá kan ilé tèmi," ni ó wí, "kí wọ́n má rán ẹlòmíràn. Ìwọ ni kí o wá."

Klodèt ló sọ èyí fún mi, bí a ti jọ ń bó ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kí ó lọ bi í léèrè. Ẹnu rẹ̀ ṣì mú.