Omi Tábà Lóko Ẹ̀wà

Ọdún kẹta tí Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó dé Ọ̀yọ́ ni ìlara wọ inú Àlàmú sí àbúrò rẹ̀, Mashood. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Wọ́n pín oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ sí méjì, ipa ẹsẹ̀ kan péré ló jẹ́ ààlà.

Lọ́dún náà, kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ bo ẹ̀wà Àlàmú. Wọ́n ń mu omi ara rẹ̀ títí ewé fi ká kò. Ti Mashood tutù yọ̀yọ̀ lódìkejì. Bí Àlàmú bá ti wo ọ̀hún, kì í lè jẹun mọ́.

Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ní, "Ẹ ò ṣe bi í léèrè ohun tó lò sí i?"

"Mashood tí mo pọ̀n dàgbà? Kí n wá dọ̀bálẹ̀ fún un nítorí ẹ̀wà?"

Kò béèrè. Ó lúgọ sẹ́yìn igi irúgbá ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, ó rí Mashood tó ń fi ìgbálẹ̀ wọ́n omi pupa rúsúrúsú sórí ewé. Atẹ́gùn gbé òórùn rẹ̀ wá. Omi tábà ni.

Kò jẹ́ ra tábà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún Mashood. Ọ̀yọ́ ló fẹsẹ̀ rìn lọ, ó sì ru ẹrù kan bọ̀. Ó rẹ ẹ́ títí ó fi dúdú, ó ń wọ́n ọn ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Kòkòrò kú bẹẹrẹ. Lọ́dún yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wà rẹ̀ ta yọ ti Mashood, inú rẹ̀ sì ń dùn bí àwọn ará ọjà bá kí òun ṣáájú àbúrò òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mashood wá sílé rẹ̀. Àlàmú wà nínú yàrá, ó ní kí Àyìnkẹ́ sọ pé òun ò sí nílé. Ó rò pé Mashood wá tọpinpin òun ni.

Ní ọdún kẹta tó ti ń wọ́n ọn, omi tábà kò ran kòkòrò mọ́. Ó rẹ ẹ́ kó tún le sí i. Ewé ẹ̀wà ló jóná, kòkòrò ṣì ń rìn lórí rẹ̀. Ó dá a lójú pé àbúrò rẹ̀ ló sa oògùn sí òun. Ó kọjá ààlà.

"Mashood, kí lo ṣe sí oko mi?"

Mashood gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. N ò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ mélòó mélòó lẹ fi ń wọ́n omi tábà?"

Ojú ti Àlàmú pé Mashood mọ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta."

"Èmi kì í wọ́n ọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù. Eérú ni mo ń kù sí i lẹ́yìn náà, mo sì ń já ẹ̀ka tó bá bàjẹ́ sínú iná. Síbẹ̀, mo rí i pé àwọn kòkòrò kan ò kú. Àwọn tí tábà lè pa ti kú tán. Àwọn tí kò lè pa ló wá ń bímọ, ọmọ wọn sì ń jọ wọ́n. Ohun tí mo wá sọ fún yín nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ní ẹ ò sí nílé."

Ó mú un lọ sí ẹ̀bá ààlà. Ebè mẹ́ta níbẹ̀ ti dúdú fún kòkòrò. "Ti yín ló ń kọjá wá. Tábà ò mú wọn lóko tèmi náà mọ́."

Nígbà tí Àlàmú rí ewé tó ká kò yẹn, ayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí i nínú. Ó dùn mọ́ ọn pé ti àbúrò òun náà ń bàjẹ́. Ayọ̀ ọ̀hún wá bà á lẹ́rù ju kòkòrò lọ. Ó jókòó sórí ebè, kò lè gbójú sókè.

Ó ní, "Kí ni ká ṣe?"

"Ká fa ti yín tu, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ebè mi mẹ́ta yìí, ká sun ún. Kẹ́ ẹ gbin àgbàdo, tí kòkòrò yìí kì í bà, síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fà á. Àyìnkẹ́ àti Hajarat, ìyàwó Mashood, ń kó o jọ. Àlàmú fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí èéfín ṣe ń ga, ojú rẹ̀ ṣì ń yà sí ẹ̀wà tútù tó kù lóko Mashood. Ó ń gbójú kúrò, ó tún ń wò ó.