Búrẹ́dì Òkè Odò

Àǹtí ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, àbúrò bàbá oníbúrẹ́dì, tó wá kí i láti òkè odò. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó bu búrẹ́dì gbígbóná sẹ́nu.

"Èyí mà dùn o! Kí lẹ ń pè é?"

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Àǹtí! Búrẹ́dì òkè odò mà ni."

"Òkè odò èwo?" Àǹtí ò jẹun mọ́. "Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí eyín mi ti ń ká síbẹ̀, n ò rí irú ẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ń di búrẹ́dì bí irun lọ́dọ̀ wa. Ta ló ń purọ́ mọ́ wa?"

Họ́wù! Látìgbà tí obìnrin yìí ti délé ọkọ ló ti ń ta búrẹ́dì yìí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rin èèpo ọsàn sínú ìyẹ̀fun, bí wọ́n ṣe ń pín in sí mẹ́ta, tí wọ́n á di í, tí wọ́n á wá fi ẹyin pa á lára. Ó gbà pé oúnjẹ àwọn olówó ìlú òun ni. Tálákà ni wọ́n nílé bàbá tirẹ̀, kí ló fẹ́ mọ̀?

Bẹ́ẹ̀ akọpátákó ti gbé àkàbà dúró níta, ó ti po ọ̀dà pupa, ó ń retí orúkọ tó máa kọ sójú ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ṣé irọ́ ni obìnrin yìí máa gbé kọ́ sókè orí ara rẹ̀? Ohun tó tiẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé "ìyàwó òkè odò" ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí dòní. Bí búrẹ́dì ò bá wá láti òkè odò, a jẹ́ pé ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ lẹ orúkọ yẹn mọ́ ọn lára, kí wọ́n má baà gbàgbé láé pé àjèjì ni. Ó dùn ún dé egungun.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń wa tírélà láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè ló wọlé, tó gbọ́, tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, o ò tíì rí nǹkan! Búrẹ́dì aládùn kan wà tí òyìnbó ń fi orúkọ ará Denmark pè. Dé Denmark, wọ́n á ní búrẹ́dì Vienna ni! Wọ́n ní àwọn oníbúrẹ́dì wọn ló daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kan, làwọn ọ̀gá bá lọ kó ará Vienna wá. Tòlótòló ńkọ́? Òyìnbó ní ti Turkey ni, ará Turkey ní ti India ni, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà lẹyẹ ọ̀hún ti wá."

"Ọkọ mi kékeré, ẹ máa purọ́ lọ."

"Jẹ́ n parí! Mo máa ń rí CH lẹ́yìn ọkọ̀, àmì orílẹ̀-èdè tó ti wá, mo ní China ni. Switzerland ni! Èdè mẹ́rin ni wọ́n ń sọ, kí ìkan má baà jowú, wọ́n fi Látìn kọ orúkọ ìlú wọn, èdè tẹ́nìkan ò sọ nílé mọ́."

"Ta ló wá ń sọ gbogbo ẹ̀ lórúkọ?"

"Ẹni tó bá ní ìdí tó fi ń sọ ọ́ ni. Lọ bi Màmá."

Ó lọ lóòótọ́, Àǹtí sì tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń po ìyẹ̀fun.

"Màmá, ta ló sọ búrẹ́dì yìí lórúkọ?"

"Èmi ni." Màmá ò gbójú sókè. "Ìyá mi ló kọ́ mi. Búrẹ́dì yẹn ò ré odò kọjá rí."

"Kí ni mo ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi sọ mí di àjèjì títí ayé?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Àjèjì kẹ̀? Ìgbà tọ́mọ mi mú ẹ dé, wọ́n ní olè ni ará òkè odò, wọ́n ní ẹ dọ̀tí. Obìnrin ilé kejì ò jẹ́ kọ́mọ ẹ̀ gba omi lọ́wọ́ ẹ. Mo bá wọn jà títí, ó sú mi. Mo ní ó dáa, n ó fún wọn jẹ. Mo gbé búrẹ́dì ìyá mi jáde, mo ní ẹ wá tọ́ búrẹ́dì òkè odò wò, ìyàwó mi ló gbé e dé. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ìka. Ẹni tó ń wá òkè odò jẹ láàárọ̀, ṣé ó tún máa bú u lọ́sàn-án?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré."

"Àmọ́ ìyá yín ló ni ín, Màmá. Kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́."

"Ìyá mi ti kú. Ìwọ lo ṣì máa gbé láàárín wọn."

Akọpátákó pariwo láti ìta pé ọ̀dà ń gbẹ o, kí ni kí òun kọ? Oníbúrẹ́dì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun kùn ún lójú.

"Búrẹ́dì òkè odò!" ló fi ohùn ẹkún dáhùn. "Kọ ọ́ gàdàgbà!"

Àǹtí ti ká ọwọ́ aṣọ sókè ní tiẹ̀, ó ń fọwọ́.

"Ẹ kọ́ èmi náà, kó lè dé òkè odò lóòótọ́, kó má baà jẹ́ irọ́ mọ́. Tí mo bá sì délé, n ò ní pè é ní ti òkè odò, orúkọ ẹni tó ni ín ni n ó fi pè é. Kí lorúkọ ìyá yín?"

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ìyẹ̀fun. Ó ti pẹ́ tẹ́nìkan ti bi í. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó tún un dá kí Àǹtí lè gbọ́ ọ dáadáa, ó sì pín ìyẹ̀fun sí méjì fún un.