Ẹja Tó Dá Àkànó Dúró

Gbogbo Ìgbó-Ọrà ló ti gbọ́ pé ẹja ni kò jẹ́ kí Àkànó, ọmọ Ìdèrè, wá síbi mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ tirẹ̀. Ẹbí rẹ̀ dé, iṣu dé, oyin dé. Ọkọ ìyàwó nìkan ni kò dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e tó wá bẹ̀bẹ̀, ọlọ́kadà tó gbé e bi í bóyá ẹja tútù ni àbí yíyan.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Mùínàt, bàbá ìyàwó. Bàbá kò ní kó dìde. Ó ní bí àlàyé rẹ̀ bá wọ òun létí, á di àna òun. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kó ru iṣu rẹ̀ padà sí Ìdèrè.

Orí ilẹ̀ pupa yẹn, níbi tí òórùn láfún tí wọ́n sá ti ń wọ̀ ọ́ nímú, ni Àkànó ti ṣàlàyé. Ọkọ̀ òkun tí òun ń bá wọn tù gùn tó láti ọjà dé mọ́ṣáláṣí Jímọ̀. Níbi tí àwọn àbùùbùtán, ẹran òkun tó tóbi ju ilé lọ, ti ń tọ́mọ, àwọn ọlọ́kọ̀ ti fẹnu kò pé ìrìn jẹ́jẹ́ ni, torí bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń sáré, á gbá wọn pa, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò sì ní mọ̀. Ọ̀gá ní kí àwọn dẹ eré, àwọn dẹ ẹ́, àwọn sì pẹ́ dé Èkó.

“Àgbà ìlú jókòó dè ọ́, o wá ń dẹ eré fún ẹja?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. “Kí lorúkọ ẹ̀? Àbùùbùtán. A bù ú, bù ú, kò tán. Kí lẹ wá ń ṣọ́ra fún?”

Àkànó ní ó ń tán o, pé ọ̀kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ń bí, ó sì ń fún un lọ́mú.

Ìyá Mùínàt, tó ti bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ń já ìlasa, ewé tí Ìgbó-Ọrà gbà pé ó ń mú ìbejì wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ọ̀kan ṣoṣo? Ṣé kò rí ẹni fún un ní ìlasa ni?”

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. “Bàbá Mùínàt, ẹni tó ń bí ọ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n tún ń fi ọkọ̀ gbá a, ẹ ní kò ní tán? Ẹ jẹ́ kọ́mọ ọlọ́mọ dìde, àyà á ti máa dùn ún.”

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìkòkò ọbẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

“Dìde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìgì, bí àwọn ẹja yẹn bá tún wà lójú ọ̀nà, jẹ́ kọ́gàá rẹ máa rọra bọ̀. Ìwọ, bọ́ sómi, kó o lúwẹ̀ẹ́ wálé.”

Àkànó dúpẹ́. Kò sọ fún un pé òun ò mọ̀wẹ̀.