Àáró Orí Fóònù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní wẹ́bùsáìtì tí ìpolówó ń jáde lórí rẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún àwọn tó fẹ́ràn yín pé kí wọ́n máa bá yín tẹ ìpolówó náà. Ẹ má sọ fún ọ̀rẹ́. Ẹ má sọ fún ẹgbẹ́. Ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ ná, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù á jẹ́ kí n parí ìyókù.

Sẹ̀kínát ni orúkọ mi. Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún méjì kún un ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo wá lọ kọ́ aṣọ rírán. Ní Mission Bend níbí, ní Amẹ́ríkà, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń bá wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ wọn má baà gan. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí.

Ọmọ mi obìnrin, Túnmiṣe, ló ṣí wẹ́bùsáìtì náà fún mi. Ó ní kí n máa kọ ohun tí mo mọ̀ síbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni arúgbó. Mò ń kọ ọ́ ní Yorùbá: bí a ṣe ń yí ìyá tí rọpárọsẹ̀ mú padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà di egbò, bí ẹ̀kọ ṣe máa nípọn tó fún ẹni tí kò lè gbé omi mì dáadáa mọ́, ohun tí a lè sọ fún bàbá tó ń pariwo pé wọ́n ti jí bàtà òun. Àwọn ọmọ tó kó òbí wọn wá láti ilé ló ń kà á. Dókítà kan ní Pearland kọ̀wé sí mi pé nítorí ohun tí mo kọ, òun fi ọwọ́ ara òun fá irùngbọ̀n bàbá òun, bàbá náà sì sùn lọ nígbà tí òun ń fá a. Mo ka ìwé yẹn tó ìgbà mẹ́fà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ Túnmiṣe ní kí a gba ìpolówó síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tó máa ń fi ìpolówó ọlọ́jà sáàárín ohun tí èèyàn bá kọ. Tèmi, bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ló pọ̀ jù, àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Bí ẹni tó ń kàwé bá tẹ ìpolówó náà kó lè wo ọjà, wọ́n á fún mi ní sẹ́ńtì díẹ̀. Ohun tó wọlé lóṣù àkọ́kọ́ kò tó àpò ìrẹsì kan. Inú mi dùn ṣá. Owó tí mi ò fi ẹ̀yìn gbé ẹnikẹ́ni kí n tó rí i.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí: mo sọ fún Kùdírátù.

Kùdírátù ni olórí àwa obìnrin ní àsàlátù wa ọjọ́ Sunday. Irun ló ń dì ní ilé rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ là, kò sí ẹni tó bímọ láàárín wa tí kò gbé ọbẹ̀ lọ bá. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìgbé ìlú rẹ̀ kò pé. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò padà. Gbogbo wa mọ̀, ẹnì kankan kì í sọ ọ́.

Nígbà tí mo sọ pé àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kò pọ̀, ó wò mí bí ẹni wo ọ̀dẹ̀. Ó ní, “Sẹ̀kí, fóònù lásán? Kì í ṣe oko, kì í ṣe aṣọ fífọ̀, o wá ń jókòó wò wá? A ó ṣe é láàáró.”

Ẹ mọ àáró nílé. Bí koríko bá bo oko ẹnì kan, gbogbo ẹgbẹ́ á lọ bá a ro ó lónìí, tí ó bá di ọ̀la, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíì. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Tèmi ló kọ́kọ́ kàn, ti ìyá kan tó ń ta ìborùn lórí wẹ́bùsáìtì tirẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Bí àdúrà bá ti parí ní Sunday, kí wọ́n tó pín oúnjẹ, obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n á yọ fóònù. Kùdírátù á ní Bisimiláì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Màmá àgbà kan tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta bẹ́ẹ̀dì náà, Kùdírátù ní kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, pé ọkọ tí wọn ì bá gbé e fún ti kú. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́ lórí wọn.

Mi ò sọ fún Túnmiṣe. Kì í ṣe pé mo fi pamọ́ fún un. Ta ló máa ń ròyìn àáró fún ọmọ?

Kò tó oṣù méjì tí ímeèlì fi dé. Túnmiṣe kà á fún mi. Ilé iṣẹ́ ìpolówó náà ní àwọn rí i pé àwọn fóònù kan náà, ní ibì kan náà, ní wákàtí kan náà, ló ń tẹ ìpolówó láìra nǹkan kan. Wọ́n ti ti ìpolówó mi pa. Wọ́n á dá owó padà fún àwọn ọlọ́jà. Bí mo bá ní àlàyé, kí n kọ̀wé sí àwọn, kí n sọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

Mo ṣàlàyé àáró fún Túnmiṣe. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Mọ́mì, fraud ni wọ́n ń pe ìyẹn o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn, jìbìtì, mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn, pẹ̀lú àwòrán ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sọ́wọ́. Mo ní ta ni mo jí nǹkan rẹ̀. Wọ́n ní kí èèyàn tẹ̀, èèyàn tẹ̀. Túnmiṣe rọra ṣàlàyé pé ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀dì ló ń sanwó nígbàkígbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, tó sì ń rò pé ẹni náà fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì. Ó yé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò yé mi mọ́. Ṣé ìrànlọ́wọ́ ni àbí olè? Àbí ó lè jẹ́ méjèèjì?

Ohun tó wá kó mi láyà sókè nìyí. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí n lọ jókòó níwájú àwọn ìmígíréṣọ̀n, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kí n tó lè di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n bi mí bóyá mo ti ṣe ohun tí òfin kọ̀ rí, bí wọn ò tilẹ̀ mú mi. Mo ti kọ rárá. Nígbà tí mo kọ ọ́, òótọ́ ni. Ṣé ó ṣì jẹ́ òótọ́?

Mo pe lọ́yà mi, Ọ̀gbẹ́ni Adélékè, tó ní ọ́fíìsì ní Spring. Wọ́n ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòtù, àárín èmi àti ilé iṣẹ́ yẹn ni. Wọ́n ní, “Ohun tí wọ́n bá bi yín nìkan ni kí ẹ dáhùn, mà. Ẹ má fi kún un.” Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀rín yẹn túmọ̀ sí. Mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú Wásáàpù ẹgbẹ́ rẹ́ lórí fóònù mi. Lẹ́yìn tí mo pa á rẹ́ ni ẹ̀rù tún bà mí: ẹni tí kò jalè, kí ló ń pa nǹkan rẹ́ fún?

Mo lọ bá Kùdírátù. Irun ọmọ kan ló ń dì. Mo sọ ọ́ fún un tán, ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú irun ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Ṣé orúkọ wa wà níbẹ̀?”

Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ní Sunday tó tẹ̀lé e, kò wá sí àsàlátù.

Ọjọ́ náà pé. Nathan ni orúkọ òṣìṣẹ́ tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ó kéré sí Túnmiṣe lójú mi, ó sì níwà. Ọ̀gbẹ́ni Adélékè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo dáhùn àwọn ìbéèrè nípa ìjọba. Mo kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí n kọ. Ó dé orí ìbéèrè tí mò ń bẹ̀rù, mo ní rárá, ó ṣí ìwé lọ. Mo rò pé ó ti tán.

Ó wá béèrè bóyá arúgbó tí mò ń tọ́jú nìkan ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Ohun tó bi mí ni, àbí kí ni? Lọ́yà ní kí n dáhùn ohun tí wọ́n bá bi mí. Mo ní mo tún ní wẹ́bùsáìtì. Ó ní nípa kí ni, mo sọ fún un. Ó ní ṣé owó ń wọlé níbẹ̀. Mo ní ó ti wọlé rí, wọ́n ti ti ìpolówó rẹ̀ pa. Ó ní kí ló dé. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń lọ. Mo ní àwọn èèyàn mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, a ò mọ̀ pé kò dára.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, tàbí ó dà bíi pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Àwọn èèyàn wo?”

Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá ó kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ojú rẹ̀ kò le. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó gbé e lé kọ̀ǹpútà, ó ń dúró. Àwọn ọmọ Kùdírátù méjèèjì ń lọ sí ilé ìwé ní Alief. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí tèmi.

Ọ̀gbẹ́ni Adélékè tẹ̀ sún mọ́ mi, wọ́n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Yorùbá pé, “Mà, ẹ dáhùn. Ẹ sọ pé ọ̀rẹ́ ni, kó tán síbẹ̀.” Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rẹ́, orúkọ ni yóò béèrè. Èmi ni mo mọ bí ìbéèrè ṣe ń bímọ.

Òṣìṣẹ́ náà tún bi mí, ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ìgbà tí wọ́n bá ń bá ẹni tí kò gbọ́ èdè sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Èmi ni mo ni wẹ́bùsáìtì. Ìtorí mi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Nípa tèmi, ẹ bi mí dé ibi tó bá wù yín. Nípa tiwọn, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́, sà.”

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan. Ó tún béèrè. Mo pa ẹnu dé.