Oògùn Ìyàwó Mi Ni, Kì í Ṣe Tèmi

Nígbà tí a gbé bàbá àgbà dé ilé ìwòsàn, ọṣẹ ṣì wà létí wọn. Balùwẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ fi etí aṣọ mi nu ọṣẹ náà kúrò, ìyá àgbà sì gbá mi lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí dókítà rí gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ wà létí bàbá àgbà títí tó fi gbẹ.

Ọmọ ọmọ wọn ni mí. Ilé wọn ni mo ti dàgbà, orí tábìlì ìjẹun wọn ni mo ti kọ́ ìwé, bàbá àgbà ń kọ́ mi ní ìṣirò, ìyá àgbà ń kọ́ mi ní gbogbo ìyókù. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Bàbá àgbà ló sọ mí ní Dákẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ní bí ilé bá ń jó, màá kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ná, kí n tó sọ pé iná wà.

Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní wọ́ọ̀dù jẹ́ obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀, tó ti ta kókó sí okùn bàtà rẹ̀ kan nítorí pé ó já. Ó fa àga kan sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé òyì ti ń kọ́ yín kó tó di òní?"

"Tí mo bá yára dìde. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà? Àbí ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Ìyàwó mi ló ni ẹ̀jẹ̀ ríru nílé wa. Èmi ni mo ni orí pípá."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń lo oògùn kankan?"

"Oògùn kẹ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, dókítà kan ò kọ oògùn fún mi rí."

Ìyá àgbà fi orí sọ pé òótọ́ ni. Èmi náà mọ̀ pé òótọ́ ni.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, wọ́n lẹ àwọn wáyà kan mọ́ wọn láyà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, dókítà padà wá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ọkàn bàbá àgbà ń lù jẹ́jẹ́ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì lọ sílẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni òun ò rí ohun tó ń fà á. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn á gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n là wọ́n láyà níbẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tí yóò máa ran ọkàn lọ́wọ́.

"Wọ́n á la àyà ẹ̀?" Ìyá àgbà di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Àyà tí mo ń gbé orí lé yìí?"

"Ìwọ náà," ni bàbá àgbà wí, "o fẹ́ kí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́?" Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wá ọwọ́ ìyá àgbà lọ lórí irin náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá àgbà tètè dé. Ìyá àgbà po tíì sínú fíláàsì, wọ́n sì mú pajáámà bàbá àgbà tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dání, bí ẹni pé wọn kì í la àyà ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá rún. Dókítà wà nídìí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó kẹ́yìn sí wa. Nọ́ọ̀sì ní mọ́tò tí yóò gbé bàbá àgbà lọ ti wà nílẹ̀.

Ìyá àgbà jókòó. Wọ́n tú áńkáṣíìfù wọn. Oògùn wọn wà nínú rẹ̀, hóró méjì. Wọ́n fi ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn, wọ́n sì ki ìkejì bọ àtẹ́lẹwọ́ bàbá àgbà.

Ojoojúmọ́ ni mo ń rí èyí nílé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ìyá àgbà pé títí láé ni wọ́n ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń sunkún. Bàbá àgbà ní, "Ta ló ní o máa dá a lò? Ohun tó dùn, a jọ ń jẹ ẹ́. Ohun tó bá korò, a ó jọ gbé e mì." Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń gbé e mì láràárọ̀, wọ́n á jọ fajú ro, wọ́n á wá jọ mu omi nínú ife kan ṣoṣo. Bí apòògùn bá béèrè ìdí tí oògùn fi ń tètè tán, ìyá àgbà á ní eku ló ń gbé e. Nílé wa, a kì í pe ti bàbá àgbà ní oògùn. Ìfẹ́ là ń pè é.

Àmọ́ níbi tí mo dúró sí yẹn, ìbéèrè dókítà padà wá sí mi lọ́kàn. *Ẹ ń lo oògùn kankan?* Mo sì rántí pé lóṣù tó kọjá ni wọ́n pààrọ̀ oògùn ìyá àgbà sí èyí tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni òyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá àgbà.

Bàbá àgbà ti ń gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu. Mi ò wúkọ́. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ má gbé e mì!"

Ohùn mi ga débi pé ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì jí. Dókítà yíjú padà.

"Kí lẹ fẹ́ gbé mì, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan kan o, dókítà," ni ìyá àgbà wí kíá. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

"Oògùn ìyá àgbà ni," ni mo wí. "Wọ́n jọ ń lò ó. Láràárọ̀ ni. Èyí tó le ni wọ́n ń lò báyìí."

Dókítà ṣí àtẹ́lẹwọ́ bàbá àgbà, ó wo hóró náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gbì.

"Bàbá! Ṣebí mo bi yín, ẹ ní ẹ ò lo oògùn."

"Mi ò parọ́. Oògùn ìyàwó mi ni, kì í ṣe tèmi. Mo kàn ń bá a kẹ́gbẹ́ ni."

"Oògùn ò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, Bàbá. Ó bọ́ sínú yín, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ tí kò ga wálẹ̀, ó ń mú kí ọkàn tí kò sáré máa lù jẹ́jẹ́."

Ìyá àgbà ti fi áńkáṣíìfù bojú. "Èmi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún un."

"Màmá, ẹ gbọ́." Dókítà rọra fa áńkáṣíìfù náà kúrò lójú wọn. "Tó bá jẹ́ pé oògùn ni, yóò kúrò lára wọn. A ò ní gbé wọn lọ síbì kankan lónìí. A ó máa wo ọkàn wọn níbí ná."

Ìyá àgbà bú sẹ́kún, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rù ti kúrò, ni ìbéèrè wá ń dà lẹ́nu wọn. Ṣé kí àwọn jẹun kí àwọn tó lò ó ni? Bí àwọn bá gbàgbé tàná ńkọ́, ṣé kí àwọn lò ó pọ̀ mọ́ tòní? Bí ara bá ti yá, ṣé àwọn lè dá a dúró? Dókítà ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ jẹun, rárá, ẹ má lò ó pọ̀, ẹ má dá a dúró láìbi wá.

"Èmi náà ní ìbéèrè," ni bàbá àgbà wí. "Bó bá ń gbé tirẹ̀ mì, kí lèmi ó máa gbé mì?"

"Omi, Bàbá."

"Omi ò korò."



Ọkàn bàbá àgbà padà ń lù dáadáa díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì dá wa sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Láàárọ̀ tí a jí sílé, ìyá àgbà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, oògùn lọ́wọ́ wọn, wọn ò gbé e mì. Bàbá àgbà jáde lọ sí ilé ìdáná, wọ́n padà dé pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ ìlàjì.

"Ó yá," ni wọ́n wí.

Ìyá àgbà gbé oògùn mì. Bàbá àgbà bu ọsàn náà jẹ, ojú wọn sì fún pọ̀ tí a ò rí i mọ́. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí wọn láyà.

"Dákẹ́jẹ́ẹ́," ni bàbá àgbà wí, ojú wọn ṣì wà ní dídì, "tí a bá padà lọ, bá mi bi dókítà bóyá ọsàn wẹ́wẹ́ lè pa èèyàn."

"Màá bi wọ́n," ni mo wí.

Mo sì ti ń kọ́ ẹnu mi ní bí màá ṣe sọ ọ́.