Ike Tí Àdúrà Kún

Bí Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá ṣe na ike kékeré náà síwájú, tó sì sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n tu sínú rẹ̀, Àlàájà Hàwáwù fa ìborùn bo ẹnu.

"Itọ́ kẹ̀? Tèmi ò ní í kúrò nílé yìí."

Àlàájà kì í pariwo. Bó bá ti fi ìborùn bo ẹnu, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àlímọ̀t, ọmọ àbúrò rẹ̀, sorí kọ́ nídìí màṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Ní agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ni kò mọ̀ pé èèyàn kì í fi itọ́ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́? Òun náà kì í fi èékánná tó bá gé sílẹ̀ lásán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú lèyí. Bàbá Àlímọ̀t fọ́jú kó tó kú, Àlàájà náà sì ti ń fọwọ́ tọ́ ògiri rìn tipẹ́. Ará àdúgbò ní èpè ni. Àwọn dókítà ní àìsàn tí wọ́n ń jogún ni, pé bí wọ́n bá tètè mọ ẹni tó wà lára rẹ̀, oògùn lè dá a dúró. Wọ́n fẹ́ yẹ gbogbo agboolé wò láìgba kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti lọ ni yóò kọ́kọ́ tu itọ́. Lára tirẹ̀ ni wọn yóò ti mọ ohun tí wọn yóò máa wá lára àwọn ọmọ. Àlàájà nìkan ló sì kù láyé nínú wọn.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Láti Iléyá tó kọjá ni òwú ti ń ṣi ojú abẹ́rẹ́ mọ́ Àlímọ̀t lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kàn gbé màṣíìnì sún mọ́ fèrèsé ni.

Bùkọ́lá ti ń kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí Taslimah, ọmọ Àlímọ̀t, ti ilé kéwú dé. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà bó ti máa ń ṣe. Àlàájà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà, ó sì tu itọ́ fẹ́rẹ́ sí i láàárín orí.

Àlímọ̀t gbójú sókè. Lójoojúmọ́ ló ń rí i.

"Màmá," ó rọra ní, "èyí tí ẹ tu sí i lórí yẹn náà ni wọ́n ń bèèrè."

Àlàájà tún fọwọ́ pa Taslimah lórí. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e wá."

Ó ka Fátíà, ó dárúkọ Taslimah, ó sì tu ú sínú ike. Oṣù ààwẹ̀ ni, ẹnu gbẹ, itọ́ náà kò sì ju ẹ̀kán kan lọ.

"Ó kù, mà," Bùkọ́lá ní.

Àlàájà pe orúkọ Haleem, ọmọ agboolé wọn. Ó pe ti Ubaydullah, ọmọ ẹbí wọn tó wà ní Ìjẹ̀bú, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó pe oyún inú ìyàwó rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún oníkálukú, ó sì ń tu ú.

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Àlímọ̀t," ni Àlàájà wí. "Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ ṣókùnkùn mọ́ ọn."

Ọwọ́ Àlímọ̀t dúró lórí aṣọ.

"Mò ń gbọ́ màṣíìnì ẹ," Àlàájà ní, ojú rẹ̀ kọjú sí ògiri. "Tó bá ti dákẹ́ báyìí, ó ń pẹ́ kó tó tún dún." Ó tu ú. Ike náà sì kún dé ojú ìlà.

Omi bọ́ lójú Àlímọ̀t. Gbogbo oṣù tó fi ń dá ẹ̀rù náà gbé, ẹnì kan ti ń bá a gbé e. Ó ṣọpẹ́ sínú, ó dìde, ó sì gbé àga rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájà.

"Ta ló kàn?" Bùkọ́lá bèèrè.

"Èmi ni." Àlímọ̀t na abẹ́rẹ́ àti òwú sí ọmọ rẹ̀. "Taslimah, gbà, bá mi fi òwú sí i."